Jaipal Singh àti Eré tí Kò Mówó Wọlé

Nígbà tí ikọ̀ họ́kì Íńdíà wọ pápá ní ìlú Amsterdam ní oṣù Èbìbí ọdún 1928, ọkùnrin ọmọ ọdún 25 kan tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò fún láyè láti wá ni balógun wọn. Jaipal Singh ni orúkọ rẹ̀. Abúlé Takra ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 3, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1903, ní ẹkùn Khunti, nítòsí ìlú Ranchi, ní apá ìlà-oòrùn Íńdíà. Ọmọ Munda ni, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Adivasi, àwọn onílẹ̀ tó ti ń gbé inú igbó àti orí òkè láti ayébáyé, tí àwọn ará ìlú ńlá sì sábà máa ń fojú ará oko wò. Ìdílé àwòrò ló ti wá, ìdílé àwọn tó ń bá gbogbo abúlé bọ ohun tí wọ́n ń bọ.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ti wà lọ́kàn mi, ohun tó sì gbé e síbẹ̀ ni gbólóhùn kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ròyìn eré ìdárayá àtijọ́. Wọ́n á ní àwọn eléré ìgbà náà kì í gbowó, pé ìfẹ́ eré nìkan ló ń gbé wọn wọ pápá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ máa ń dà bí ẹni pé ìfẹ́ náà kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Mo gbà pé eré tí kò mówó wọlé ní owó tí ẹnìkan ń san níbì kan, àti pé bí a bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí eléré kan jẹ́, ohun tí ó san ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè, kí a tó béèrè iye góòlù tí ó gbá sílé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé òfin họ́kì òde òní kalẹ̀. Ọdún 1886 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ alákòóso rẹ̀, Hockey Association, sílẹ̀ ní London, láti ìbẹ̀rẹ̀ sì ni wọ́n ti pinnu pé owó kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Wọn kò fẹ́ ìdíje ife, wọn kò fẹ́ líìgì, ẹgbẹ́ kan á kàn pe ẹgbẹ́ kejì ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n á gbá a, wọ́n á jọ mu tíì, oníkálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Nígbà tí họ́kì kọ́kọ́ wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní London ní ọdún 1908, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló gbá a fún England tí wọ́n fi na Ireland ní 8 sí 1 ní àṣekágbá. Stanley Shoveller, ẹni tí gbogbo ayé họ́kì ń bọ̀wọ̀ fún nígbà náà, jẹ́ oníṣòwò ìpín ìdókòòwò ní London, Reggie Pridmore tó gbá góòlù mẹ́rin sílé lọ́jọ́ náà sì máa ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún Warwickshire. Èmi kò fi ojú kékeré wo àwọn ọkùnrin wọ̀nyí rárá. Ogun Àgbáyé Kìíní pa Pridmore ní Ítálì ní ọdún 1918, ó pa John Robinson tí wọ́n jọ gba wúrà yẹn ní ọdún 1916, Shoveller nìkan ló sì tún padà wá gba wúrà kejì ní Antwerp ní ọdún 1920, nígbà tí ó ń sún mọ́ ogójì ọdún. Síbẹ̀, òfin tí wọ́n fi ń ṣeré bá irú ìgbésí ayé tí wọ́n ń gbé mu. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń fún un ní Sátidé, tí àpò rẹ̀ sì lè sanwó ọkọ̀ ojú omi, kò ní rí i pé àìgbowó jẹ́ ẹrù kankan.

Jaipal bá òfin kan náà lọ́nà mìíràn. Pramod Pahan ni wọ́n ń pè é nílé kí ó tó di Jaipal Singh. Ilé-ìwé St Paul's ní Ranchi, tí àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà ń ṣàkóso, ló ti kàwé, ibẹ̀ sì ni àlùfáà Cosgrave, ọ̀gá ilé-ìwé náà, ti rí i pé ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ lásán. Ní àsìkò tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń parí lọ, tí Cosgrave ń padà sí ilé, ó mú ọmọkùnrin náà dání lọ sí England. Ó gba Canterbury kọjá, ní ilé-ẹ̀kọ́ St Augustine's níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ ìyìn rere, ó sì wọ St John's College ní Oxford ní ọdún 1922. Gbogbo ohun tí ó ní níbẹ̀, oore ẹlòmíràn ni. Kò ní baba tí yóò fi owó ránṣẹ́ láti ilé, kò sì ní ilẹ̀ tí yóò tà.

Oxford ni họ́kì rẹ̀ ti gbilẹ̀. Ó gba ohun tí wọ́n ń pè ní Blue níbẹ̀, àmì tí yunifásítì náà fi ń dá àwọn tó ṣojú rẹ̀ lọ́lá, nígbà tí ọmọ Íńdíà tó rí irú rẹ̀ gbà kò tó nǹkan. Ẹ̀yìn ni ó máa ń dúró, níwájú aṣọ́lé. Fún ẹni tí kò bá tíì rí họ́kì rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ti lọ wo ìdíje NUGA ní yunifásítì wa ti lè rí i, ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí ipò yẹn ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn ní ìgbà náà. Bọ́ọ̀lù wọn le bí òkúta, awọ ni wọ́n fi bo kọ́ọ̀kì àti òwú tí wọ́n dì pọ̀ mọ́ inú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó nǹkan bí gíráàmù 160. Ojú kan péré ni ọ̀pá ní, apá òsì rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó, ẹni tó bá sì fi ẹ̀yìn ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù ti ṣẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré, ẹni kan láti inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á kojú sí ara wọn, bọ́ọ̀lù á wà láàárín, wọ́n á fi ọ̀pá kan ilẹ̀, wọ́n á fi kan ọ̀pá ara wọn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ọ̀pá ẹnikẹ́ni tó lè kan bọ́ọ̀lù. Kò sí ohun tó bo ojú tàbí àyà ẹni tó dúró lẹ́yìn. Òfin gbà á láàyè láti na àtẹ́lẹwọ́ dá bọ́ọ̀lù tó ń fò bọ̀ dúró, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ kí ó jábọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó, òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Èrèlé, ọwọ́ tó ti kú tipiri, àti bọ́ọ̀lù yẹn tó ń bọ̀ láti ọ̀pá ẹni tó fi gbogbo agbára gbá a. Àwọn tó kọ nípa Jaipal yìn ín pé ó máa ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò láì ṣe é léṣe.

Lẹ́yìn tí ó gboyè tán, ó ṣe ìdánwò Indian Civil Service, ó sì yege. Kò sí iṣẹ́ ìjọba tó ga ju ìyẹn lọ fún ọmọ Íńdíà lábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó bá wọ ibẹ̀ ló ń ṣàkóso ẹkùn tí ènìyàn inú rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù kan, àwọn ló ń dájọ́, àwọn ló ń bojú tó owó orí, wọ́n á sì máa jẹ owó ìfẹ̀yìntì títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ọmọ àwòrò láti inú igbó Munda ni ó dé ibi tí ọmọ àwọn ìdílé ńlá ní Calcutta ń gbààwẹ̀ kí ọwọ́ wọn lè tẹ̀. Àkókò ìkọ́ṣẹ́ ni ó wà ní England nígbà tí ìkésíni dé pé kí ó wá ṣe balógun ikọ̀ tí Íńdíà máa kọ́kọ́ rán lọ síbi ìdíje họ́kì Òlíńpíìkì. Ó tọrọ àyè lọ́dọ̀ India Office, iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ Íńdíà, ní London. Wọ́n kọ̀.

Ó lọ.

Nígbà tí ó padà dé, wọ́n sọ fún un pé nítorí pé ó pa iṣẹ́ jẹ, yóò tún ọdún ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Jaipal kò gbà, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá. Mo ti ka ibi yìí nínú ìtàn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, inú sì máa ń bí mi. Àwọn ọ̀gá kan náà tí wọ́n ti ilé-ìwé kọ́ ọmọ wọn pé pápá eré ni wọ́n ti ń mọ ọkùnrin, tí ẹ̀rí pé ènìyàn mọ eré ṣe sì máa ń wú wọn lórí nígbà tí wọ́n bá ń yan òṣìṣẹ́, àwọn náà ló fi ìyà eré jẹ ẹni tó ṣe é dé ibi tó ga jù. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọlọ́rọ̀ kan ni, ọdún kan sí i kò ní jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Fún ẹni tó ti ń gbé lórí oore ẹlòmíràn láti kékeré, ọdún kan sí i túmọ̀ sí ọdún kan mìíràn láì ní nǹkan tirẹ̀.

Ikọ̀ fúnra rẹ̀ kò rówó. Ọjọ́ 10, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1928 ni àwọn tó kù wọ ọkọ̀ Kaisar-i-Hind ní èbúté Bombay láti lọ bá balógun wọn ní England, ènìyàn mẹ́ta péré ló sì wá sin wọn sọ́nà, méjì jẹ́ olóyè ẹgbẹ́ họ́kì, ẹnì kẹta jẹ́ akọ̀ròyìn. Dhyan Chand tó wà lára wọn jẹ́ sójà onípò kékeré. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Íńdíà jọ wà nínú ìran wọn ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ọmọ Sikh wà níbẹ̀, ọmọ Munda sì ni olórí gbogbo wọn. Ní Amsterdam, wọ́n na Austria ní 6 sí òdo, Belgium 9 sí òdo, Denmark 5 sí òdo, Switzerland 6 sí òdo, wọ́n sì na onílé fúnra rẹ̀, Netherlands, ní 3 sí òdo ní àṣekágbá ní ọjọ́ 26, oṣù Èbìbí. Góòlù 29 ni wọ́n gbá sílé, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó wọ ilé Richard Allen tó ń ṣọ́lé fún wọn, Dhyan Chand nìkan ló sì gbá 14 nínú rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gba wúrà ní 1908 àti 1920 kò rán ikọ̀ wá rárá. Títí di òní ni ọ̀pọ̀ ará Íńdíà gbà pé ẹ̀rù pé kí ẹni tí wọ́n ń ṣàkóso má baà nà wọ́n ní gbangba ló dá wọn dúró sílé. Ọdún 1948 ni wọ́n tó pàdé ní Òlíńpíìkì, ní Wembley, ní ọdún kejì tí Íńdíà gba òmìnira, Íńdíà sì fi 4 sí òdo na Britain.

Jaipal kò gbá àṣekágbá ti Amsterdam. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé sọ ni pé èdè-àìyedè wà láàárín òun àti àwọn tó ń darí ikọ̀, ó sì kúrò níbẹ̀ kí ìdíje tó parí. Eric Pinniger ló ṣe balógun lọ́jọ́ ìkẹyìn. Àwọn kan ti fi èyí bu ẹnu àtẹ́ lù ú, wọ́n ní balógun kì í fi ọmọ ogun sílẹ̀ ní ojú ogun. N kò lè bá wọn kó o sí i lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ó ti fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ wéwu kí ó tó dé ibẹ̀, ẹni tó bá sì ti san irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní kúrò nítorí ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, ó sì máa ń dùn mí nígbàkígbà tí mo bá rántí rẹ̀, pé ẹni tó ná jù fún wúrà yẹn kò sí ní pápá lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á.

Iléeṣẹ́ epo Burmah-Shell gbà á síṣẹ́ lẹ́yìn náà, ní ipò tí ọmọ Íńdíà kì í sábà dé nínú iṣẹ́ òyìnbó. Ó fẹ́ Tara Majumdar, ọmọ-ọmọ W. C. Bonnerjee tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ Congress Íńdíà. Ìgbé ayé rẹ̀ ti ń di ti gbajúmọ̀. Nígbà tó yá, ó ṣe ohun kan tí ó mú ìtàn rẹ̀ dé etíkun tiwa níhìn-ín: ó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Prince of Wales College, Achimota, ní Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, ó sì wà níbẹ̀ ní àárín ọdún 1930 sí 1940. Orúkọ Achimota kò ṣàjèjì sí wa ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọdún 1927 ni wọ́n ṣí i, Aggrey wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, Nkrumah sì ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní 1930 kí Jaipal tó dé. Ó máa ń wù mí láti ronú nípa bí ibẹ̀ ṣe máa rí lójú rẹ̀. Òun náà jẹ́ ọmọ tí àwọn míṣọ́nnárì gbé láti abúlé lọ sí ibi ìwé, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, tí wọ́n kọ́ ní èdè wọn àti eré wọn. Ní Achimota, iwájú àwọn ọ̀dọ́ tó ń rìn ní ojú ọ̀nà kan náà ni ó dúró sí láti kọ́ni, wọ́n sì ní olùkọ́ kan tó mọ̀ láti inú ara tirẹ̀ iye tí ọ̀nà náà ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

Àjò kì í dùn kí onílé má rele. Ó padà sí Íńdíà, ó ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ọba ní Raipur, ó ṣiṣẹ́ ní ààfin Bikaner, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé Ranchi tí ó rí bí nǹkan ṣe rí fún àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ilẹ̀ wọn ń bọ́ lọ́wọ́ wọn tí kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ tiwọn, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ dúró sí. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1939, wọ́n fi í jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ Adivasi Mahasabha. Marang Gomke ni wọ́n ń pè é láti ìgbà náà, olórí ńlá.

Ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní ọjọ́ 19, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1946, ní àpéjọ tó ń kọ òfin tí Íńdíà olómìnira yóò máa lò, ni mo kà sí ibi tó ga jù lọ ní ìgbésí ayé rẹ̀, ó ga ju Amsterdam lọ lójú mi. Nehru, tó padà di olórí ìjọba Íńdíà, ló ti gbé àbá ńlá kan kalẹ̀, àwọn lọ́yà ńláńlá ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Jaipal dìde, ó ní òun ará igbó, òun Adivasi, kò sẹ́ni tó retí pé kí òun mọ ìjìnlẹ̀ òfin inú àbá náà, ṣùgbọ́n làákàyè òun sọ fún òun pé kí gbogbo àwọn jọ rin ọ̀nà òmìnira. Ó ní bí ẹ̀yà kan bá wà ní Íńdíà tí wọ́n ti fi ìyà jẹ, àwọn ènìyàn òun ni, láti ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó wá sọ fún wọn pé wọn kò lè kọ́ àwọn ẹ̀yà òun ní ìjọba tiwa-n-tiwa, àwọn tó jókòó níbẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà òun. Ọmọ Oxford ló ń sọ èyí, ẹni tó lè sọ òfin di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn gbọọrọ bí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà, ó sì yàn láti bá wọn sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Takra.

Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, Jharkhand Party, gba ìjókòó tó ju 30 lọ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bihar, ìpínlẹ̀ tí Ranchi wà nínú rẹ̀ nígbà náà, nínú ìdìbò ọdún 1952, ó sì di alátakò tó tóbi jù lọ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ tiwọn ni wọ́n ń béèrè. Wọn kò fún wọn. Ní ọdún 1963, ó da ẹgbẹ́ náà pọ̀ mọ́ Congress, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì dárí jì í títí tí ó fi kú ní Delhi ní ọjọ́ 20, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1970. Èmi náà rò pé ó kù díẹ̀ káàtó nínú ìpinnu yẹn, nítorí pé ohun tí ó gbà padà fún ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ẹ̀mí wọn kọ́ kò tó nǹkan. Ọjọ́ 15, oṣù Bélú, ọdún 2000 ni ìjọba tó dá ìpínlẹ̀ Jharkhand sílẹ̀, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Pápá eré kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Ranchi, ṣùgbọ́n abúlé tó yí Takra ká ni họ́kì ti ń tà jù. Láti Khunti àti Simdega, níbi tí ọmọdé ti ń fi igi oparun ṣe ọ̀pá kí ó tó rí ọ̀pá gidi dì mú, ni àwọn obìnrin tó pọ̀ nínú ikọ̀ Íńdíà ti ń wá. Nikki Pradhan, ọmọ abúlé Hesal ní Khunti, ni obìnrin àkọ́kọ́ láti Jharkhand tó gbá họ́kì ní Òlíńpíìkì, ní Rio ní ọdún 2016. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Íńdíà gbà á síṣẹ́ nítorí họ́kì tí ó mọ̀ ọ́n gbá, iṣẹ́ ìjọba sì ni.